Ọdún 1886 nílẹ̀ wa: kí ló yẹ kó wọ pátákó ìtàn?

Ọmọ Oyèmẹ̀kun (Akúrẹ́) béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Pátákó ìtàn kan la fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbí, l'Ákúrẹ́. Ọdún kan ṣoṣo la mú, 1886, ká lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti àwọn tó ṣe é. Pátákó náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó ga ní mẹ́rin. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ná nìyí:

"Ní 1886, Nàìjíríà wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ogun Kírìjì parí ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án. Ààrẹ Látòósà àti Ògèdèǹgbé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ọba Ovonramwen ló wà lórí ìtẹ́ ní Bìní. Àlùfáà Johnson ló bá wọn parí ìjà náà. Herbert Macaulay jẹ́ ọmọ ọdún 22."

Ìbéèrè mi: èwo ló tọ̀nà níbẹ̀, èwo ni kò tọ̀nà? Kí la lè fi kún un tó kan Akúrẹ́ àti Oǹdó gan-an? Orúkọ àwọn ọba wa ńkọ́, nígbà tí àkọsílẹ̀ ọdún ìjọba wọn kò bára mu?

---

Bàbá Ìwé fèsì:

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí akunlé tó da ọ̀dà. Gbólóhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ẹ kọ yẹn, kò sí ọ̀kan tí kò ní àbùkù. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Nàìjíríà kò tíì sí ní 1886. Orúkọ yẹn, inú ìwé ìròyìn ìlú London kan ni Flora Shaw ti dábàá rẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní 1897. Ohun tó wà nílẹ̀ ní 1886 jẹ́ oríṣiríṣi, a kò sì lè kó o pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Èkó ti wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti 1861, àmọ́ láti 1874, ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1886 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀, tí Alfred Moloney sì di gómìnà rẹ̀. Ìhà ẹnu odò, láti Bọ́nì títí dé Calabar, ti di àgbègbè tí Gẹ̀ẹ́sì ń dáàbò bò láti 1885. Àwọn Odò Epo ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ 10 oṣù keje 1886, ayaba Victoria fún ilé-iṣẹ́ òwò George Goldie ní ìwé àṣẹ. Láti ìgbà náà ló ti ń jẹ́ Royal Niger Company, tí ó ní ẹ̀tọ́ láti gba owó bodè, láti dájọ́ àti láti ní ọmọ ogun tirẹ̀ lẹ́bàá Odò Ọya àti Bẹ́núé. Àsàbà ni wọ́n fi ṣe olú ìlú ìṣàkóso. Ẹ ronú sí i: ilé-iṣẹ́ tó ń ra epo pupa tún ń dá ẹjọ́ àwọn tó ń tà á fún un. Sókótó ṣì dá dúró, Sultan Umaru ló wà níbẹ̀.

Akúrẹ́, Oǹdó, gbogbo Èkìtì, Iléṣà, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn kò sí lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Gómìnà Èkó lè bẹ̀ wọ́n, ó lè rán oníṣẹ́, ó lè tì wọ́n lẹ́yìn tàbí kó dí wọn lọ́nà, ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ fún wọn. Tí ẹ bá kọ "wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì", ẹ ti gba ìlú yín lọ́wọ́ Déjì ṣáájú àsìkò nìyẹn.

Ti Látòósà: Ààrẹ-ọ̀nà-Kakaǹfò Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú ní ibùdó ogun ní 1885. Òkú kì í fọwọ́ sí ìwé. Balógun Àjàyí Ọ̀ṣúngbékún ló ń darí ogun Ìbàdàn nígbà àdéhùn. Ẹ ṣọ́ra níbí o, nítorí Àjàyí pọ̀: Balógun Àjàyí Ògbórí-ẹfọ̀n tó ja ogun Jálumi ní 1878 ti kú kó tó di 1886, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sì wà láyé ní tirẹ̀.

Ti Bìní: Adolo ló wà lórí ìtẹ́. Ovonramwen jọba ní 1888, wọ́n sì lé e lọ sí Calabar lẹ́yìn ogun 1897. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an, nítorí pé Ovonramwen ni gbogbo èèyàn mọ̀.

Ti Macaulay: ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá 1864 ni wọ́n bí i. Nítorí náà ọmọ ọdún 21 ni fún oṣù mẹ́wàá àti ààbọ̀ nínú 1886, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó kẹ́yìn ọdún ló tó pé 22. Bí ẹ bá ń ṣírò ọjọ́ orí, ẹ má kàn yọ ọdún kúrò nínú ọdún, ẹ wo oṣù tí wọ́n bí ẹni náà. Ti Crowther ní tirẹ̀, ẹ má kọ ọjọ́ orí kankan, nítorí kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ó ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù láti 1864, ìyẹn dájú.

Ẹnì kan tí ẹ gbàgbé: Henry Townsend, ẹni tó dá ìwé ìròyìn Yorùbá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, inú 1886 ló kú sí ìlú rẹ̀. Ìlà kan péré ti tó fún un.

Ogun Kírìjì (èyí tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà) àti Johnson, mo fi sílẹ̀ fún àwọn tó sún mọ́ ọn jù mí lọ.

---

Ẹkìmọ̀gún fèsì:

Bàbá Ìwé ti ṣe tirẹ̀. Ohun tó ká mi lára jù ni pé ẹ fẹ́ kọ ìtàn 1886 l'Ákúrẹ́, ẹ ò dárúkọ Oǹdó lẹ́ẹ̀kan nínú ohun tí ẹ kọ fún pátákó.

Ọ̀rọ̀ Johnson ná. Méjì ni wọ́n rán níṣẹ́, kì í ṣe ọ̀kan. Samuel Johnson ló lọ bá ìhà Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Ẹni tó lọ bá Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, ni Charles Phillips, àlùfáà C.M.S. (ẹgbẹ́ ajíhìnrere Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì) tó ń gbé Oǹdó láti 1877. Ẹ̀yìn ìgbà náà, ní 1893, ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ pẹ̀lú Isaac Olúwọlé. Ìdí tí orúkọ Johnson fi bo ti Phillips mọ́lẹ̀ kò ju pé Johnson ló kọ ìwé lọ. Ó parí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ẹni tó ní gègé ló ní ìtàn. Ìhà Ọ̀yọ́ ló ti ń wo ogun náà, nítorí náà bí ẹ bá ń kà á, ẹ máa rántí ibi tó jókòó sí. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ James Johnson tí wọ́n ń pè ní "Holy Johnson" l'Ékòó. Ìyẹn ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ló wọ̀ ní 1886 yẹn kan náà. Tí ẹ bá kọ "Àlùfáà Johnson" lásán, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní mọ èwo lẹ ń wí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ àlùfáà Oǹdó ni Èkó ránṣẹ́ sí? Nítorí ọ̀nà ni. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló ní àwọn ọ̀nà tó ti Èkó wọ ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń tì í. Ní 1872, Gómìnà Glover ti Èkó la ọ̀nà kẹta: ọkọ̀ ojú omi máa gba ọ̀sà lọ síhà ìlà-oòrùn títí dé Àtijẹ́ré, ẹrù á bọ́ sílẹ̀, á gba Àyésàn wọ Òde Oǹdó, á kọjá Òkè-Igbó lọ sí Ifẹ̀, Iléṣà àti Èkìtì. Ọ̀nà náà jìn, igbó rẹ̀ ki, ẹrù sì ni orí ń rù. Ṣùgbọ́n kò sí Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá kankan lójú rẹ̀ tó lè ti ìlẹ̀kùn.

Ọ̀nà yìí ló gbé ìbọn dé ọwọ́ Èkìtì Parapọ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó, tí púpọ̀ nínú wọn ti oko ẹrú dé, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń rajà ogun ránṣẹ́ sílé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú ìbọn méjèèjì, òun ni yóò jẹ́ kí ogun náà yé wọn. Ṣakabùlà, ẹnu ni wọ́n ti ń kì í: wọ́n á da ẹ̀tù sí i, wọ́n á fi ọ̀pá gún un, wọ́n á ju ọta sí i, wọ́n á tún gún un, wọ́n á wá bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ojú àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí akọ òkúta tó ṣáná sí i. Òjò díẹ̀ tó bá kan ẹ̀tù ojú àwo yẹn, ìbọn ò ní dún. Ajagun ní láti nàró kó tó lè kì í dáadáa, ọ̀tá á sì ti rí i. Snider ní tirẹ̀, ìdí ni wọ́n ti ń kì í: ìdérí kan wà tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ti ọta tí ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀ sínú, wọ́n á pa á dé, ó di kí wọ́n yìn ín. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín bí ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan, kó dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn òkúta ṣe é. Lórí àwọn òkè tó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ohun tó ga ju agbára lọ nìyẹn.

Kí ló wá dé tí ìbọn yẹn kò fi parí ogun kíá? Alágbẹ̀dẹ ilé lè rọ ọta ṣakabùlà, kò lè ṣe ọta Snider. Èkó ló gbọ́dọ̀ ti wá, ní ọ̀sà, ní igbó, lórí èèyàn. Ìgbà tí ẹrù bá pẹ́ lọ́nà, ìbọn di igi lásán. Ìbàdàn náà kò jókòó, wọ́n wá irú ìbọn náà rí nígbẹ̀yìn. Kò sí ìhà tó lè lé èkejì kúrò lójú ibùdó rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi àlàáfíà ta wá lọ́rẹ. Ó ti rẹ ìhà méjèèjì, Látòósà tó kọ̀ jálẹ̀ ti kú, oko ti di igbó, Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ kí ọ̀nà òwò ṣí fún epo àti ekuro. Ohun tí Èkó ṣe ni pé ó rí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọlé ní ibùdó kọ̀ọ̀kan.

Ti Akúrẹ́: Ògèdèǹgbé fi Ìta-Ògbólú, tó wà nítòsí yín níbẹ̀, ṣe ibùjókòó ogun rẹ̀ kó tó lọ gba ìdarí Èkìtì Parapọ̀. Ìlú tí ẹ máa ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ni. Ẹ fi sí i.

---

Adé fèsì:

Mo fẹ́ bá yín tún ọ̀rọ̀ "Ogun Kírìjì parí" ṣe, nítorí òun ló máa ń fa àríyànjiyàn jù.

Ọjọ́ méjì ló wà nínú 1886, àwọn èèyàn sì máa ń fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ni ọjọ́ tó wà lórí ìwé àdéhùn. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n kéde àlàáfíà lójú ogun gan-an, níwájú aṣojú méjì tí gómìnà rán wá, Higgins àti Oliver Smith. Bí ẹnì kan bá kọ oṣù kẹfà, tí ẹlòmíràn kọ oṣù kẹsàn-án, kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Ní ti "parí", rárá o. Ìlọrin kò sí nínú àdéhùn náà, Ìlọrin sì ṣì dó ti Ọ̀fà. Ọ̀fà bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1887. Ìbàdàn kúrò ní Kírìjì, àmọ́ wọn kò lọ sílé, Ìkìrun ni wọ́n sún sí láti dojú kọ Ìlọrin. Ọdún 1893, nígbà Gómìnà Carter, ni wọ́n tó tú ibùdó ogun ká pátápátá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ogun náà gba ọdún 16, láti 1877 sí 1893. Bí ẹ bá kọ "1886 ló parí", ọmọ tó bá mọ ìṣirò á béèrè bí 1877 sí 1886 ṣe di 16, olùkọ́ ò sì ní rí ìdáhùn.

Ohun tó wà nínú àdéhùn náà ṣe pàtàkì ju ọjọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni Aláàfin (Adéyẹmí Kìíní ni), Balógun Ìbàdàn àti àwọn olóyè rẹ̀, Ọwá Iléṣà, Ọ̀ọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn, Ajerò, Ògèdèǹgbé, Ọ̀ọ̀ni, Ògúnsùà Modákẹ́kẹ́, Awùjalẹ̀, àti àwọn mìíràn. Ìbàdàn gbà pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dá dúró, ìyẹn ni pé kò sí ajẹ́lẹ̀ (aṣojú tí Ìbàdàn ń fi sí ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀) mọ́. Ajẹ́lẹ̀ yìí ló sì fa ìjà Èkìtì: ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló mú kí Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ti ìlú rẹ̀ ní 1878. Aláàfin àti Ọwá á máa ṣe bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀tán, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ wà fún Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ lọ sí Èkìtì kò ní ẹni tó máa dá a dúró. Àwọn ará Modákẹ́kẹ́ tó fẹ́ wà lábẹ́ Ìbàdàn, kí wọ́n kó lọ sáàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Àwọn tó fẹ́ bá Ifẹ̀ gbé, kí wọ́n máa bá wọn gbé, àmọ́ kì í ṣe ní Modákẹ́kẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni kò ṣẹ. Modákẹ́kẹ́ kò kó lọ nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà sì pẹ́ nílẹ̀ ju ẹni tó kọ ìwé lọ.

---

Bàbá Ìwé fèsì:

Adé, ẹ kú làákàyè. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àwọn ọba àti ti pátákó fúnra rẹ̀ kún un.

Ẹ má fi orúkọ ọba Akúrẹ́ tàbí ti Oǹdó sí i láti inú àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo. Ọdún ìjọba àwọn ọba ayé àtijọ́, ìṣirò ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tó ṣírò rẹ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà. Ọ̀nà tó dára ni kí ẹ kọ orúkọ tí ẹ rò, kí ẹ gbé e lọ sí ààfin Déjì àti ààfin Ọ̀ṣemàwé, kí àwọn tó ń tọ́jú ìtàn ibẹ̀ wò ó kí akunlé tó fọwọ́ kàn án. Bí ọdún bá sì ń ṣe ségesège, "nígbà ayé Ọba Báyìí" ti tó, ẹ má kọ ọdún sí i.

Ẹ tún lè kọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ sí àwọn ọjọ́ tó dájú, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Kàlẹ́ńdà 1886 bá ti 2021 àti 2027 mu régé, nítorí náà ẹni tó bá ní kàlẹ́ńdà 2021 nílé lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀: ọjọ́ 13 oṣù kìíní bọ́ sí Ọjọ́rú, ọjọ́ 4 oṣù kẹfà bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10 oṣù keje bọ́ sí Àbámẹ́ta, ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án bọ́ sí Ọjọ́bọ̀.

Pátákó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́rin kò tóbi tó bí ẹ ṣe rò. Lẹ́tà tó ga ní íǹṣì kan ni èèyàn ń kà láìfojú pọ̀ láti bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Yorùbá tún ní àmì lókè àti àmì nísàlẹ̀, nítorí náà ẹ fi íǹṣì méjì sí ìlà kan. Tí akunlé bá fún un bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, àmì abẹ́ ọ̀ ìlà kan á gorí àmì ohùn ìlà kejì, "ọ̀tá" á di "ọta", ogun yín á sì dàrú. Ẹ yọ àkọlé àti etí pátákó kúrò, ìlà 20 ló kù. Ẹ má kọ ju ọ̀rọ̀ 300 lọ.

---

Ọmọ Oyèmẹ̀kun fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti tún un kọ, ẹ wò ó:

"Ní 1886, Akúrẹ́, Oǹdó, Èkìtì, Iléṣà, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn dá dúró. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní: Èkó kúrò lábẹ́ Gold Coast, Moloney di gómìnà. Ọjọ́ 4 oṣù kẹfà: ìwé àdéhùn láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Àlùfáà Charles Phillips ti Oǹdó àti Àlùfáà Samuel Johnson ló ṣe iṣẹ́ alárinà. Ọjọ́ 10 oṣù keje: Royal Niger Company gba ìwé àṣẹ. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án: wọ́n kéde àlàáfíà ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Ìlọrin kò sí níbẹ̀. Ogun kò tán títí di 1893. Adolo ni Ọba Bìní, Umaru ni Sultan Sókótó. Henry Townsend kú."

Àwòrán ọ̀nà Oǹdó, láti ọ̀sà dé Iléṣà, á wà ní apá ọ̀tún, pẹ̀lú Ìta-Ògbólú. Ṣé ó ti tó?

---

Ẹkìmọ̀gún fèsì:

Ó kù kan. Ẹ kọ Òkè-Ìmẹ̀sí, Ìmẹ̀sí-Ilé ni. Ìlú méjì ni wọ́n: Òkè-Ìmẹ̀sí ni ìlú Fábùnmi, ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì lónìí, Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí ibùdó Èkìtì Parapọ̀ wà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló bọ́ sí. Ẹ tún un ṣe lórí àwòrán náà pẹ̀lú, kí ẹ sì ní kí akunlé fi lẹ́ẹ̀dì kọ gbogbo rẹ̀ kó tó da ọ̀dà.